Ìṣirò fún àwọn àgbà: báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí wọ́n bá a dé láì dójú tì wọ́n? (Iléṣà)

TíṣàAlẹ́ | Iléṣà | Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí gan-an.

Ó ti tó oṣù méjì tí èmi àti àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alẹ́ fún àwọn àgbà nítòsí Ìsọ̀kun. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ìyá tó ń tajà ní Ọjà Atàkúnmọ̀sà wà níbẹ̀, aránṣọ méjì, bírìkìlà kan, ọlọ́kadà mẹ́ta, àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe pí-ó-ẹ́sì. Ẹni tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 24, ẹni tó dàgbà jù ti lé ní 60. Mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà ń lọ dáadáa. Ti ìṣirò ni mo bà jẹ́.

Lálẹ́ tí a kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ìṣirò, mo pín bébà, ìbéèrè 20: àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín, ìdá. Mo fẹ́ mọ ibi tí kálukú wà kí n lè mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà di bírò mú fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò kọ nǹkan kan. Ó ká bébà náà, ó kì í bọ abẹ́ ìró, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọmọ nílé. Kò padà wá. Àwa 17 la jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, 11 ni mo rí.

Ìyá yìí kan náà ni mo máa ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ o! Bí mo bá ní kó wọn kóńgò mẹ́ta àti àbọ̀ fún mi, kí n tó tú etí aṣọ mi ló ti pe iye owó, tó sì ti ka ṣéńjì mi sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ àgbà rí, kí ni kí n ṣe?

---

BàbáÌṣirò | Ilé-Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn, èmi náà ṣe é nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbà. Bébà ló ba ìyá yẹn lẹ́rù, kì í ṣe ìṣirò.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń fún yín ní ṣéńjì. Ká ní ọjà jẹ́ ₦1,350, ẹ fún un ní ₦2,000. Àwa tí a lọ síléèwé, a ó kọ ọ̀kan sókè, a ó kọ èkejì sísàlẹ̀, a ó wá máa yá mẹ́wàá láti ẹ̀gbẹ́. Ìyá kò yá nǹkan kan. Ó gbé ₦50 lé yín lọ́wọ́, ó ní “egbèje”. Ó gbé ₦100, ó ní “ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ”. Ó gbé ₦500, ó ní “ẹgbàá, ó pé”. ₦650 ti dé ọwọ́ yín. Àyọkúrò ló ṣe, àmọ́ ó gun òkè lọ ni, kò sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ní kó kọ 2,000 – 1,350 sílẹ̀ bí tiwa, kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

Kò yọ ọmọdé sílẹ̀. Ní 1985, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, sọ ohun tí wọ́n rí ní ìlú Recife, ní Bràsíl. Wọ́n lọ bá ọmọ márùn-ún tó ń tajà lójú pópó, wọ́n ń rajà lọ́wọ́ wọn bí oníbàárà, wọ́n sì ń bi wọ́n ní iye tí yóò jẹ́. Nínú gbogbo ìdáhùn, nǹkan bíi 98 nínú 100 ló tọ̀nà. Wọ́n wá kó irú ìṣirò kan náà sórí bébà, nọ́ńbà lásán, kò sí ọjà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan náà! Ó já sí nǹkan bíi 37 nínú 100.

Nítorí náà, ẹ mú bébà kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ mú ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni ń ṣe ẹjọ́. Ẹ bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀: èló lo ra èyí, mélòó ló wà nínú páálí, èló ló kù. Bó bá dáhùn, ẹ bi í pé “Báwo lẹ ṣe rí i?” Ẹ máa bi í bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá gbà á àti nígbà tó bá ṣì í, torí bí ẹ bá ń bi í nígbà tó ṣì í nìkan, kíá ni yóò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí “o ti kùnà”. Ẹ ṣọ́ bó ṣe ń ṣe é: ṣé orí ni, ṣé ìka ni, ṣé ó fa ilà, ṣé fóònù ló gbé jáde? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín lẹ́yìn tó bá lọ tán.

Ibi tí mo sábà máa ń rí i pé okùn ti já: kíkọ nọ́ńbà ńlá sílẹ̀, pínpín, ìdá tó bá ti kọjá ìdajì àti ìdá mẹ́rin, pásẹ́ǹtì, àti mímọ̀ pé iye tí kalikulétọ̀ gbé jáde kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ ló ṣi bọ́tìnì tẹ̀.

---

Alákàrà_Lágéré | Ilé-Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:40 àárọ̀

Ẹ̀yin bàbá wa àti Tíṣà, ẹ gbà mí láàyè. Èmi ni irú ìyá tí ẹ ń sọ yẹn. Ọmọ mi ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ síbí, mo ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi báyìí.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́, tíṣà ní kí n kọ igba ó lé márùn-ún sí pátákó. Mo kọ 2005. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Mo lọ sílé, ọdún mẹ́rin gbáko ni n kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìwé mọ́. Ẹ wò ó, mo gbọ́ igba, mo kọ 200. Mo gbọ́ márùn-ún, mo kọ 5. Ohun tí etí mi gbọ́ ni ọwọ́ mi kọ.

Ẹni tó wá tún un ṣe fún mi, ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó tó ọmọ tí mo bí. Kò sọ pé mo ṣì í. Ó gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀. Ó di ẹ̀wà ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún sínú ọ̀rá, ó ní ti abọ́ òsì nìyẹn. Ọ̀rá kéékèèké tó di mẹ́wàá mẹ́wàá, ti abọ́ àárín. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ti abọ́ ọ̀tún. Ó ní kí n to igba ó lé márùn-ún. Mo fi ọ̀rá ńlá méjì sí òsì, mo fi ẹyọ márùn-ún sí ọ̀tún. Ó ní, “Mọ̀mọ́, kí ló wà nínú abọ́ àárín?” Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní kí n kọ kò-sí-nǹkan yẹn sílẹ̀, òdo ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú àyè abọ́ tó ṣófo. Mo kọ 205. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Tíṣà, ẹ lọ bá ìyá ẹlẹ́wà yẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ má ránṣẹ́ pè é.

---

Ọmọ_Modákẹ́kẹ́ | Ilé-Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:18 àárọ̀

Mọ̀mọ́, ẹ kú ìfaradà. Abọ́ mẹ́ta yẹn, màá lò ó.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ jẹ́ kí kálukú ka òǹkà ní èdè tó fi ń tajà. Ẹni tó bá ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti ṣe ìṣirò kó tó dáhùn: àádọ́ta ló lọ bá, ó yọ márùn-ún. Òǹkà wa kún fún “dín”, ẹ lò ó. Ẹni tí kò mọ 9 lọ́nà 7 sórí, ẹ ní kó mú 7 lọ́nà 10, kó dín 7 kù. 63 nìyẹn. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ “fọ́tì-fáífù” ló mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má fi òǹkà Yorùbá fìyà jẹ ẹ́.

Àdúgbò wa ni wọ́n sì ti dán èyí wò fún àwọn ọmọdé. Ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tó ń jẹ́ OAU lónìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣáájú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan ìṣirò, wọ́n wá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ.

---

GCE_lẹ́ẹ̀kan_sí_i | Iléṣà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:25 ọ̀sán

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ ọdún 33 ni mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó fún ìṣirò, D7 ni mo gbà lẹ́ẹ̀mejì, E8 lẹ́ẹ̀kan. C6 ló kéré jù tí wọ́n fẹ́ kí n tó lè wọlé sí ohun tí mo fẹ́ kà. Kò sí ẹlẹ́wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bébà ni wọ́n máa gbé síwájú mi. Bí ẹ bá mú bébà kúrò fún àwa kan, ẹ ti pa wá lára. Táímùsì tébù pàápàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ sórí.

---

BàbáÌṣirò | Ilé-Ifẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, òótọ́ lo sọ. Mo ní kí wọ́n mú bébà kúrò lákọ̀ọ́kọ́, n kò ní kí wọ́n sun ún níná. Ẹni tó fẹ́ mọ èrè ọjà rẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ C6 kò lè jókòó síbi ìbéèrè kan náà. Tíṣà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí kí ẹ tó bèèrè nọ́ńbà kankan: “Kí lẹ fẹ́ fi ìṣirò ṣe?”

Fún ìwọ, ohun tí màá ní kí o ṣe nìyí. Mú ìbéèrè ìdánwò ọdún kan tó ti kọjá. Ṣe é láìsí aago. Lẹ́yìn náà, mú gbogbo èyí tí o kùnà, kí o pín wọn sí mẹ́ta: èyí tí o mọ̀ àmọ́ tí o sáré jù, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò yé ọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé áljébrà ló ń bá àwọn jà. Bí a bá tú u wò, ìdá ni, tàbí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo.

Bí àpẹẹrẹ, ½ + ⅓. Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ 2/5: wọ́n ro òkè pọ̀, wọ́n ro ìsàlẹ̀ pọ̀. Má tíì wá òfin. Bi ara rẹ: ẹni tó ní ìdajì búrẹ́dì lọ́wọ́, tí wọ́n tún fún un ní ìdá kan nínú mẹ́ta sí i, báwo ni tirẹ̀ ṣe wá kéré sí ìdajì? 2/5 kò tó ìdajì. Ojú rẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ìdáhùn yẹn kò lè rí bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó tún un ṣe. Gé búrẹ́dì kan náà sí mẹ́fà: ìdajì jẹ́ mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ méjì, 5/6 nìyẹn.

Ní ti tébù, bẹ́ẹ̀ ni, kó wọlé sórí. Àmọ́ kó gba ọ̀nà ohun tí o mọ̀ wọlé. O mọ ti 5, àbí? 8 lọ́nà 7: 5 lọ́nà 7 jẹ́ 35, 3 lọ́nà 7 jẹ́ 21, 56. Bí o bá gbàgbé lọ́jọ́ ìdánwò, o mọ ọ̀nà ilé.

---

Nọ́ọ̀sì_Ìjẹ̀ṣà | Iléṣà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:33 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan kò mọ nọ́ńbà, ṣé ó rí i? Láti nǹkan bí ọdún 40 lọ sókè ni kíka ìwé tó wà nítòsí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún ojú. Ẹ óò rí i tí yóò na bébà síwájú. 6 àti 8 yóò jọ ara wọn, 3 pẹ̀lú. Lálẹ́, lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀, á tún burú sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà gàdàgbà, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ yẹ ojú wò. Awò ojú tí a fi ń kàwé lè yanjú ohun tí ẹ̀ ń pè ní ìṣòro ìṣirò.

Ohun kejì, ẹ kọ́ wọn ní póíǹtì, ẹ má fò ó. Mo ti rí ìyá tó ka 2.5 lára ìwé oògùn ọmọ sí 25. Ìlọ́po mẹ́wàá! Ẹ mú síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ fa omi sí 2.5, ẹ jẹ́ kí ojú wọn rí i pé ó wà láàárín 2 àti 3.

---

Bírìkìlà_Òkè | Iléṣà | Ọjọ́rú, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bí mo bá ń fa ìpìlẹ̀ ilé, mo máa ń wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, 4 sí apá kejì, mo sì fa tépù láti orí kan dé orí kejì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 5. Bí kò bá jẹ́ 5, igun ilé náà ti wọ́. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Ọdún 20 ni mo fi ń ṣe é kí ọmọ mi tó wálé láti iléèwé tó ní àwọn ń kọ́ ọ, pé 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àpapọ̀ wọn 25, èyí tó jẹ́ 5 lọ́nà 5. Ara mi yá gágá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bi bírìkìlà tó wà ní kíláàsì yín bó ṣe ń mọ̀ pé igun dọ́gba, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kó kọ́ àwọn yòókù.

---

Ọmọ_Òṣómàáló | Iléṣà | Ọjọ́rú, 8:47 àárọ̀

Bàbá bàbá mi ta aṣọ láwìn bíi gbogbo òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà. Kò mọ ìwé. Ẹfun ló fi ń fa ilà sára ògiri yàrá, ìlà kan fún sísan kan, ẹni tó bá san tán, á fi omi nù ún. Orí ló kó orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè sí, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló wà lára àwọn tó jókòó ní kíláàsì yín.

Àmọ́ ayé tiwọn kò le tó tiwa. Ẹni tó ń yáni lówó nísinsìnyí á mú fọ́ọ̀mù wá. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tó ṣẹlẹ̀ sí aya àbúrò mi. Wọ́n fún un ní ₦100,000, wọ́n ní ₦5,500 péré lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 24. “Péré” yẹn ló gbọ́. Kò ṣe ìlọ́po rẹ̀. 5,500 lọ́nà 24 jẹ́ ₦132,000. ₦32,000 ló fi yá ₦100,000 fún oṣù tí kò pé mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń dá owó padà láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò fi odindi ₦100,000 náà ṣòwò títí.

Ẹ fi wé alájọ. Ẹni tó ń dá ₦500 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31 ti dá ₦15,500. Alájọ mú ti ọjọ́ kan, ó fún un ní ₦15,000. Gbogbo ìyá tó wà lọ́jà ló mọ ìyẹn. Tíṣà, káàdì alájọ gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti ní ìlà, ó ti ní àpótí, ó ti ní nọ́ńbà 1 sí 31, kò sì bà wọ́n lẹ́rù. Láti orí rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé wọn dé orí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Mo bẹ̀ yín.

---

Aránṣọ_Bọ̀lọ̀rùndúró | Iléṣà | Ọjọ́rú, 12:10 ọ̀sán

Mo ń ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀pá kan jẹ́ íǹṣì 36, mítà kan lé díẹ̀ ní 39. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pàdánù aṣọ oníbàárà lórí íǹṣì mẹ́ta yẹn. Ẹ fi í sí i.

---

TíṣàAlẹ́ | Iléṣà | lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́ Àìkú, 8:20 alẹ́

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo ní kí n má padà wá lọ́wọ́ òfo ni.

Mo lọ bá ìyá ẹlẹ́wà náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí Mọ̀mọ́ Alákàrà ṣe wí. N kò mú ìwé lọ. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni mo ṣe é bí kò ṣe yẹ, kì í ṣe òun. Ó wò mí títí, ó fún mi ní àpótí jókòó. Mo rà kóńgò méjì àti àbọ̀, mo ní, “Mọ̀mọ́, báwo lẹ ṣe rí i?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé, kò sí ibi tó kù síbẹ̀.

Ìgbà tí mo wá bi í pé èló lòun ń jẹ lórí kóńgò kan ni ọ̀rọ̀ dé. Ó ní ₦100. Ó ra àpò kan ní ₦64,000, ó wọn ún, ó jáde ní kóńgò 32. Iye tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ pé àwọn ra kóńgò kan lòun náà máa ń gbà pé òun rà á: wọ́n ní ₦2,000, òun ń tà á ní ₦2,100. Mo ní owó mọ́tò àti alábàárù ńkọ́? Ó ní ₦1,600 lórí àpò kan. Kò kà á mọ́ ọn. Kò sì lè pín in sí 32, ibẹ̀ ni okùn ti já gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ.

Mo bi í bó ṣe máa ń pín nǹkan. Ó ní ìlàjì lòun mọ̀. A bá mú ìlàjì náà. A to ₦65,600 sórí pálí kan, kóńgò 32 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó là á sí méjì: ₦32,800, kóńgò 16. Ó tún là á: ₦16,400, kóńgò 8. ₦8,200, kóńgò 4. ₦4,100, kóńgò 2. Ó dákẹ́. “₦2,050,” ó ní. “Ọgbọ̀n ọdún... àádọ́ta náírà ni mo ń jẹ, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún.” Fúnra rẹ̀ ló pín in o, ọwọ́ mi kò kan pálí náà.

Ó padà sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó sì mú obìnrin méjì lẹ́yìn. Mo ti bá ẹni 13 sọ̀rọ̀ báyìí, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì nínú wọn, ojú ni. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọlọ́kadà kan fẹ́ ṣe GCE, mo ti fi í sọ́tọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín àṣìṣe rẹ̀ sí mẹ́ta. Bírìkìlà wa kọ́ gbogbo kíláàsì ní 3, 4, 5 pẹ̀lú okùn lórí ilẹ̀, kò fẹ́ jókòó mọ́ lẹ́yìn náà. Ti ẹ̀yáwó yẹn ṣì le, n kò tíì rí bí màá ṣe kọ́ pásẹ́ǹtì tí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Káàdì alájọ ni màá bá wọ̀ ọ́.

Ìyá ẹlẹ́wà ti wá fún èmi náà ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Àpò tó rà ní ọjà tó kọjá jáde ní kóńgò 33. Ó là á, ìlàjì kò wọ̀ ọ́. Ó ní kí n wá ọ̀nà rẹ̀ kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n gbà mú un tí kò fi ní jọ bébà ọjọ́ àkọ́kọ́?

---

BàbáÌṣirò | Ilé-Ifẹ̀ | Ọjọ́ Àìkú, 9:06 alẹ́

Ẹ bi í pé bí òun bá tà á ní ₦2,000, èló ni kóńgò 33 yóò pa. Yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: ₦66,000. Ẹ wá bi í bóyá ìyẹn tó owó tí òun ná lórí àpò náà, tàbí ó lé, tàbí ó dín. Ẹ jẹ́ kó máa gbé e sókè, kó máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi bọ́ sí i, bó ṣe máa ń ka ṣéńjì. Ẹ má bá a pín in. Ẹ wá sọ fún wa lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.